Nọ́ńbà Bọ̀sún Lọ́rùn Ishaq

"Ìyá Ishaq, ẹ má tíì fún mi lómi. Òtítọ́ kan gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí, bí mo bá sì kọ́kọ́ mu omi yín, ẹnu mi á tún pa dé."

Bí Gbádégẹṣin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù Ìyáàfin Ṣùkúrátù ní Addo, láàárín abọ́ ike àti korobá tí obìnrin náà ń tà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Gbádé, ẹ̀yin náà kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wáṣẹ́ fọ́mọ mi?" Ẹni tó yẹ kí wọ́n fi igi lé jáde ni wọ́n ń fi omi tútù kẹ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbádégẹṣin ló ń bójú tó àwọn sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lekki. Òun ló gbé dáírẹ́kítọ̀rì kalẹ̀ níbẹ̀: ibi kan ṣoṣo tí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù gbogbo òṣìṣẹ́ wà, tí gbogbo sáfà ń yíjú sí láti bèèrè pé, "Ta lẹni tó fẹ́ wọlé yìí?" Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ká má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ sáfà kì í kọ orúkọ èèyàn sára fáìlì, nọ́ńbà ló ń kọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ni fáìlì, sáfà á gbé nọ́ńbà náà lọ bá dáírẹ́kítọ̀rì, ìyẹn á sì dárúkọ ẹni tí nọ́ńbà ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ èèwọ̀ láàárín àwọn tó mọṣẹ́ pé kí wọ́n mú nọ́ńbà ẹni tó ti lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Gbádégẹṣin jẹ èèwọ̀ náà. Kì í ṣe ìkà ló kọ́kọ́ mú un ṣe é, ìmẹ́lẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Bọ̀sún fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ó gba òkè òkun lọ, Gbádégẹṣin sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó mú Ishaq wọṣẹ́, ó sọ nọ́ńbà Bọ̀sún tó ṣófo náà sí i lọ́rùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn gbájúẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn aláìsàn lórí fóònù, tí wọ́n ń fi àìsàn àṣírí dẹ́rù bà wọ́n. Ìyàwó ilé kan kó ẹrù jáde nílé ọkọ nítorí àṣírí àìsàn rẹ̀ tó tú. Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn tú sáfà wò, wọ́n bá ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn náà nínú fódà kan tí ẹnì kan fi pamọ́. Wọ́n bèèrè ẹni tó ni ín, ẹ̀rọ sì dáhùn pé Ishaq ni. Ọjọ́ tó wà lára fáìlì ì bá gba ọmọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Gbádégẹṣin ń kó àwọn fáìlì lọ sí sáfà tuntun lẹ́yìn tí Ishaq wọṣẹ́, kò bìkítà láti tọ́jú ọjọ́ àtijọ́ tó wà lára wọn. Gbogbo rẹ̀ wá dà bí ohun tí wọ́n kó pa mọ́ lẹ́yìn tí Ishaq ti dé.

"Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé Bọ̀sún ni, Ìyá," ó wí. "Ishaq dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Ó ní, 'Ọ̀gá mi, wallahi, mi ò mọ fódà yẹn rí. Ẹ bá mi check ẹ̀ dáadáa.' Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀."

Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà, pe Gbádégẹṣin sí ọ́fíìsì. "Ẹ wojú mi. Ṣé system yẹn lè parọ́ mọ́ èèyàn?" Gbádégẹṣin rántí ilé rẹ̀ ní Thomas Estate, ó rántí pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun, ó ní, "Rárá o, mà. Ẹ̀rọ kì í parọ́." Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọwọ́ àgbà tiwa yìí ló wọ́ ọ.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ẹ̀dà dáírẹ́kítọ̀rì àtijọ́ ṣì wà nípamọ́, níbi tí nọ́ńbà náà ti ń jẹ́ ti Bọ̀sún. Ohun kan ṣoṣo tó lè tú Ishaq sílẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ti ọmọ náà sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá nísàlẹ̀, tó ń kígbe "Ọ̀gá mi! Ọ̀gá mi!", Gbádégẹṣin jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lókè, ó pa ẹ̀dà náà rẹ́. "Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, Ìyá. Mò ń gbọ́ ọ, mo sì ṣe é."

Ilé ẹjọ́ rán Ishaq lẹ́wọ̀n. Láti ìgbà náà, Iléyá kì í dé kí ìyá Ishaq má fi itan àgbò ránṣẹ́ sí Gbádégẹṣin, pé òun ń dúpẹ́ aájò tó ṣe lórí ọmọ òun. Ẹran ti ọdún yìí ló gbé sẹ́nu tó kọ̀ tí kò lọ. Ó pọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sunkún níwájú ìyàwó rẹ̀, kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe é.

Bó ṣe rò ó tán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ike. "Ẹ bú mi, ẹ gbá mi, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

Ìyáàfin Ṣùkúrátù kò bú u. "Ta ló jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́?" ó bèèrè jẹ́jẹ́.

"Ishaq ni, mà. Kò yé mi títí dòní. Mo rò pé ọlọ́pàá ló lù ú."

"Ẹnikẹ́ni ò lù ú. Èmi ni mo ní kó jẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin, ọ̀gá tó fẹ́ràn rẹ̀, lẹ sọ pé ẹ̀rọ kì í parọ́, mo sì gbà yín gbọ́. Mo lọ bá a ní àhámọ́, mo kúnlẹ̀ fọ́mọ tí mo bí, mo ní kó jẹ́wọ́ kí Ọlọ́run lè foríjì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má pè mí ní ìyá mọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, 'Ó dáa, Màámi. Mo ṣe é.'"

Ìyá náà fi ìborùn nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà wọlé. Nígbà tó ṣe tán, ó dúró lé ọkùnrin náà lórí.

"Dìde. Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀. Ilé ẹjọ́ là ń lọ, kí o lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti gbà ọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, a ó jọ lọ bá Ishaq. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ sọ tìrẹ, torí èmi ò tíì mọ ẹnu tí màá fi sọ tèmi."