Ọwọ́ Tó Wà Lábẹ́ Yìnyín

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á lé e bá. Ti Lùkúmọ̀n ò tiẹ̀ tó ogún. Ọdún mẹ́jọ ni, òótọ́ sì gbọ́dọ̀ jáde wàyí. Ìyá Àkànó ló fà á, láìmọ̀. Lọ́dún 2014, màmá náà gbé àwòrán kan wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Lùkúmọ̀n ti ń yàwòrán ní Ajégúnlẹ̀: ọkọ̀ òkun ńlá láàárín yìnyín, ọkùnrin kékeré kan dúró lórí rẹ̀. Lùkúmọ̀n ló fi ọ̀dà olóròóró yà á lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó ní inú fọ́tò tí Àkànó ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun lòun ti wò ó yà.

"Lùkúmọ̀n, ọmọ mi ti kọjá ẹni tó ń dá gbé. Bá mi ya ìyàwó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó wọ súwẹ́tà o, ibẹ̀ yẹn tutù."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Lùkúmọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún.

"Màmá, kò sí fọ́tò kankan. Èmi àti Àkànó la jọ wa ọkọ̀ kékeré láti etí omi Marine Beach, a fẹ́ sá wọ ọkọ̀ òkun lọ sókè òkun. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, a rò pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti lọ kírun. Òun ló kọ́kọ́ gun okùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá náà. Ọwọ́ ẹ̀ yọ̀, ó já sómi. Ó ní, 'Lùkú, fún mi lọ́wọ́ ẹ!' Làwọn ẹ̀ṣọ́ bá fọn fèrè. Èmi ojo, èmi ọ̀dàlẹ̀, mo wa ọkọ̀ lọ. Ó ṣì ń pè mí."

Ohun tó burú jù ṣì kù. Ẹ̀rí ọkàn ló mú kó ya ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń rì, tọwọ́ tó nà sókè. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ tí màmá fi wọlé, wọ́n ń wá ọmọ. Ó yára fi ọ̀dà funfun bo ọwọ́ náà, ó pè é ní yìnyín, ó sì ya ọkùnrin kékeré náà sórí ọkọ̀. Látìgbà náà, tí Àlùfáà àdúgbò bá ti dábàá fìdáù fún Àkànó, màmá á fárígá: "Ẹ má ṣàdúrà òkú fún alààyè!"

"Abẹ́ ọ̀dà funfun ibí yìí ni mo bo ọwọ́ ẹ̀ sí, màmá. Ẹ foríjì mí."

Màmá ń fi ìka pa ibi funfun náà, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. 

"Omi tó bọ́ sí yẹn, ṣé ó tutù?"

"Rárá, màmá. Oòrùn ti mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Alhamdulillah." Omijé dà lójú màmá. "Ọ̀rọ̀ tìẹ dọ̀la. Dìde, fún mi lómi àlùwàlá. Àdúrà ọmọ mi ti pẹ́ jù."