Yàrá Tí Mo Fọ̀ Sílẹ̀ De Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run tí kò fi ìwà mi san án fún mi. Ẹ yin Olúwa! Ẹ ṣeun. Mi ò ní pẹ́ lórí ìdúró, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi le. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá sunkún níbì kan, kí ẹnikẹ́ni má sáré wá dì mí mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Níbí, Dọ́káàsì ni ẹ ń pè mí. Ní agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Rábíátù ni. Mùsùlùmí ni bàbá àti ìyá tó bí wa. Èmi ni mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí a ò sì bímọ, mo kó ẹrù mi padà sí ilé bàbá mi. Àǹtí mi Sàfúrátù ni mo bá níbẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, nígbà tí ìyá wa ń rìnrìn àjò òwò, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọ̀n mí dàgbà.

Yàrá ìyá wa tó wà níwájú ilé ni àwa méjèèjì jọ ń gbé. Onídìrí ni Àǹtí mi. Ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ bí ó ti ń di irun fún wọn. Ó sì ní ikọ́. Ikọ́ yẹn ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ní ọdún kejì tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún, olùkọ́ wa nínú ìjọ yìí kọ́ wa bí kálukú ṣe lè máa dá Bíbélì kà nílé. Ó ní kí á wá ibi tó dákẹ́, kí á tún ibẹ̀ ṣe, kí á ní jọ́tà àti pẹ́ńsù, kí á gbàdúrà kí á tó ṣí ìwé. Ó ní kí á wẹ ọkàn wa pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ o! Ṣùgbọ́n klíínà ni mí. Ọ́fíìsì kan ní Oníkàn ni mo ti ń fọ ilẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n fọ nǹkan, ohun tí ojú mi bá rí ni màá fọ̀.

Mo dé ilé, mo wo yàrá yíká. Mo rí bútà tí Àǹtí mi fi ń ṣe àlùwàlá. Mo rí ẹní ìkírun rẹ̀ lára ògiri, mo rí tẹ̀sùbáà rẹ̀ lórí ìṣó, irun tó já wà káàkiri ilẹ̀. Mo wí nínú ara mi pé, báwo ni Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe máa wọ ibí? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo wí nìyẹn.

Mo sọ fún un pé kó kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí. Mo ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Rábí, yàrá ìyá wa ni o ń lé mi kúrò?"

Mo ní, "Àǹtí, mi ò lé yín o. Ikọ́ yín àti ariwo àwọn onírun ni kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń kà."

Kò jà. Ká ní ó jà ni, bóyá ojú ì bá tì mí. Ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé bútà rẹ̀, ó lọ.

Ni mo bá dójú lé fífọ̀! Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha sìmẹ́ńtì títí eékún mi fi bó. Mo fi ẹfun kun ògiri. Mo ra kọ́tìnnì tuntun, mo ra aṣọ funfun fún tábìlì, mo gbé àga kan ṣoṣo síbẹ̀. Àga kan ṣoṣo, ẹ gbọ́ o. Mo gbẹ́ pẹ́ńsù méjì, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ jọ́tà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, màá wẹ̀, màá wọ aṣọ mímọ́, màá ti ilẹ̀kùn, màá kúnlẹ̀, màá gbàdúrà, màá ṣí Bíbélì.

Kò sí nǹkan kan! Màá ka orí kan tán, tí ẹ bá bi mí pé kí ló wà níbẹ̀, mi ò mọ̀. Lẹ́tà lásán ni mò ń rí. Oṣù mẹ́rin gbáko, jọ́tà mi funfun báláú. Mo gba ààwẹ̀, mo tún ilẹ̀ fọ̀, mo pààrọ̀ kọ́tìnnì. Mo ní ọwọ́ ayé ni. Mo ní àwọn ará ilé tí inú wọn ò dùn sí ẹ̀sìn mi ló ń dí mi lójú.

Òjò ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí omi ṣe máa ń gba ẹ̀yìn wọlé. Àwọn oníbàárà Àǹtí mi ò lè jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n wá onídìrí mìíràn lọ. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ẹ má rò pé ebi ni mo fi pa á. Màá gbé e sí ẹnu ọ̀nà, màá ní, "Àǹtí, oúnjẹ yín rèé o," màá yára padà sídìí Bíbélì mi. Mo rí i pé ó ń gbẹ. Mo rí i. Mi ò ní dúró níwájú pẹpẹ kí n sọ pé mi ò rí i.

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá Ìyá Ìjọ wa, àwọn tí ẹ rí tí wọ́n jókòó níwájú yìí. Mo ní kí wọ́n wá gbàdúrà ìdáǹdè fún mi, pé ẹ̀mí kan ò jẹ́ kí Bíbélì yé mi. Wọ́n wá ní ọ̀sán Sátidé kan pẹ̀lú arábìnrin méjì. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo ti lọ yá àga sílẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n yin yàrá náà, wọ́n ní ó mọ́ bí ilé ìwòsàn. Inú mi dùn. A kọrin, a kúnlẹ̀. Bí Ìyá Ìjọ ṣe ní "Baba wa" báyìí, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wọ́n dúró díẹ̀, ó rọlẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ikọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀, ó ń fà bí ẹni ń ya aṣọ.

Wọ́n lajú. Wọ́n ní, "Dọ́káàsì, ta ló ń wúkọ́ yẹn?"

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹnìkan ni, Mà. Lẹ́yìnkùlé."

Ẹnìkan! Ẹni tó pọ̀n mí! Ẹni tó fi odidi ọjọ́ kan di irun ìgbéyàwó mi! Háà, ènìyàn burú.

Ìyá Ìjọ dìde. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sẹ́yìn. Èmi ń sáré tẹ̀lé wọn, mò ń wí pé, "Mà, ilẹ̀ ń yọ̀ o. Mà, ẹ má dé ibẹ̀." Wọ́n taari ilẹ̀kùn. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Àǹtí mi ti gbé tìmùtìmù rẹ̀ lé orí igi ìdáná, orí rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, ó fi ìborùn wé àyà. Ibi gíga kékeré kan tí omi ò dé nínú yàrá yẹn, ẹní ìkírun rẹ̀ ló tẹ́ síbẹ̀.

Ìyá Ìjọ kí i, wọ́n bi í pé kí ló jẹ́ sí Dọ́káàsì.

Àǹtí mi ní, "Àbúrò mi ni. Rábí lèmi mọ̀ ọ́n sí. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bá a wí. Ìwé ló ń kà."

Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n di etí tìmùtìmù mú. Wọ́n ní, "Dọ́káàsì, gbá etí kejì mú." Àdúrà ìdáǹdè tí wọ́n gbà fún mi nìyẹn, kò sí òmíràn. Àwa mẹ́rin la gbé Àǹtí mi gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà, ẹrẹ̀ ń kán sórí sìmẹ́ńtì tí mo fọ̀. Ó fúyẹ́. Ẹ̀yin ará, Àǹtí mi fúyẹ́ púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo ní kó forí jì mí. Ó wo kọ́tìnnì, ó wo aṣọ tábìlì, ó wo pẹ́ńsù méjèèjì. Ó ní, "Ṣé o ti wá ka ìwé náà tán ni?" Mo bú sẹ́kún. Òun rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní òun ti forí jì mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dun òun, kí n má ṣe é fún ẹlòmíràn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó bi mí bóyá Yúsúfù wà nínú ìwé tiwa. Mo ní ó wà níbẹ̀, Jósẹ́fù là ń pè é. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo gbé àga kan ṣoṣo yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pariwo lójú ọ̀nà, ẹnìkan ń gún nǹkan lódó, ládàánì ń pe ìrun, Àǹtí mi ń wúkọ́. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, tí wọ́n jù ú sínú kòtò, tí wọ́n sì jókòó láti jẹun, mo dúró níbẹ̀. Mi ò lè ka ìlà tó kàn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́rin, ibẹ̀ ló ti bá mi, ó sì bá mi gidi.

Àǹtí mi ní, "Máa kà á lọ. Kò tíì tán. Ó máa dáa fún un."

A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní a pẹ́ kí á tó gbé e wá. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àti òògùn, ara rẹ̀ mókun díẹ̀, a gbé e padà wálé. Oṣù mẹ́ta la fi kàwé papọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Jọ́tà mi kún. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àyà rẹ̀ ò gbà á mọ́. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wá wẹ òkú rẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn rọ omi. Bútà tí mo ní kó máa gbé jáde, òun ni mo fi rọ omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.

Ẹ ó ní ẹ̀rí wo ni mo wá ń jẹ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí Àǹtí mi yè, kò yè. Mi ò ní parọ́ mọ́ Ọlọ́run nínú ilé rẹ̀. Èmi ni Ọlọ́run yọ. Ó yọ mí lọ́wọ́ ara mi, ó sì jẹ́ kí Àǹtí mi kú sínú yàrá ìyá rẹ̀, kì í ṣe lórí igi ìdáná. Ìyẹn ni mo rí dúpẹ́ fún, ó sì tó mi í dúpẹ́.

Yàrá náà ti dákẹ́ báyìí. Ìdákẹ́ tí mò ń wá, mo ti rí i. Àga méjì ló wà níbẹ̀. Tí mo bá ṣí Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́, etí mi á kọ́kọ́ máa wá ikọ́ yẹn, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ tún yàrá ṣe láti ka Bíbélì, ó dáa, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹni tó wà lóde. Ògo ni fún Ọlọ́run tó rán Ìyá Ìjọ sí mi. Halelúyà! Ẹ dìde, ẹ bá mi kọrin, ẹ bá mi yọ̀. Tí ikọ́ bá sì gbé ẹnikẹ́ni nínú yín bí a ti ń kọrin, kó wú u níbẹ̀. Kó má jáde.