Ẹni Tó Ń Dáhùn Rósárì Nínú Kànga

Fádà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ṣáájú ọpẹ́, ẹkún lè gba gbogbo ẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọlọ́run ò jẹ́ kí n wọ aṣọ dúdú. Ìyá wa Màríà ò jẹ́ kí ojú tì mí. Èmi ni Feróníkà, Màmá Bọ́lá, tó ń yan gàrí ní abúlé tó wà lẹ́yìn Moniya. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti jẹ gàrí mi, ẹ kàn ò mọ̀ ni.

Ẹ wo ọkọ mi níwájú níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀. Nílé wa, bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, Rósárì ló kàn. Èmi ni mo máa ń ka ti iwájú, Bàbá Bọ́lá á máa dáhùn. Àmọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n, ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n. Kí n tó kà á dé ìdajì, oorun ti gbé wọn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bí wọ́n ṣe ń sùn náà ni wọ́n ń dáhùn. Orí á ti tẹ̀ sórí àyà, ẹnu á ṣì máa sọ pé Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run. Mo máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé irú àdúrà wo ni ti ẹni tó ń hanrun. A máa ń jà sí i gan-an ni.

Kànga kan náà ni àwa àti ilé Mùsílíù jọ ń pọn. Mùsùlùmí ni Mùsílíù, kànga gbígbẹ́ sì ni iṣẹ́ ẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú tí omi lọ sílẹ̀, ọkọ mi á wọ inú kànga lọ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, Mùsílíù àti Dèjì, àbúrò ọkọ mi, á máa fi okùn fà á sókè. Amọ̀ tó bá jáde, etí kànga là ń kó o jọ sí. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Amọ̀ kànga ò lẹ́gbẹ́ fún ààrò gàrí, gbogbo obìnrin àdúgbò ló máa ń wá bù ú lọ fi tún ààrò ṣe. Kò sẹ́ni tó rò ó rí pé òkìtì amọ̀ yẹn wúwo. Lọ́dún yìí, iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ilẹ̀ ti mu omi, ó ti rọ̀, a tún wá kó amọ̀ tútù lé e létí.

Mo wà lábẹ́ àtíbàbà, mò ń bó ẹ̀gẹ́, ni mo gbọ́ gbì, bí ìgbà tí àpò gàrí já bọ́ látorí ọkọ̀. Mo gbójú sókè, mi ò rí òkìtì amọ̀ mọ́. Apá kan ẹnu kànga ti wọlé lọ, ọkọ mi sì wà nísàlẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Dèjì ti ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ fò wọlé. Mùsílíù di ṣòkòtò ẹ̀ mú látẹ̀yìn, ó fà á ṣubú. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Bó o bá fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, ìyókù á ya lé wọn lórí." Mo dojú bolẹ̀, mo fi àyà wọ́ dé ibi tó ṣì le, mo yọjú. Ó ṣókùnkùn. Mo pè wọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn: "Màmá Bọ́lá, ilẹ̀ ti mú mi dé àyà."

Mùsílíù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ìyá Bọ́lá, bí wọ́n ṣe ń mí síta ni ilẹ̀ á máa fún mọ́ wọn. Bí oorun bá gbé wọn báyìí, wọ́n lè má jí. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dákẹ́."

Èmi rèé tí wọ́n ń sọ pé ẹnu mi kì í dúró. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi nínú ihò? Ọwọ́ mi kan Rósárì tó wà lọ́rùn mi. Mo dì í mú, mo ké sísàlẹ̀ pé, "Mo kí ọ Màríà, o kún fún oore-ọ̀fẹ́." Mo kà á dé ibi tí tèmi parí sí, mo dákẹ́. Ohùn jáde látìsàlẹ̀: "Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Mùsílíù ní kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà, kí ẹnikẹ́ni má sáré. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, tọkùnrin tobìnrin, gbogbo wọn ń fi bàsíà àti agbada gàrí bu amọ̀ kúrò létí kànga díẹ̀díẹ̀. Dèjì lọ yọ ilẹ̀kùn ilé wa, ó yọ ti ilé Mùsílíù mọ́ ọn, pé àwọn ni a máa fi ti ara kànga kó má tún ya.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń já mi láyà. Ọkọ mi ò parí ìdáhùn. Wọ́n á dé "gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀, nísisìnyí," wọ́n á dúró. Mi ò gbọ́ "àti ní àkókò ikú wa." Mo rò pé èémí ló ń tán níbẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Ìyá Ọlọ́run, ẹ̀yin náà dúró wo ọmọ yín lórí àgbélébùú, ẹ mọ bó ṣe ń rí, ẹ bá mi gba eléyìí sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi àwọn ilẹ̀kùn ti ara kànga tán, Mùsílíù so okùn mọ́ ìdí, ó ní Bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo ka tèmi tí mi ò gbọ́ ìdáhùn. Mo tún kà á. Kò sí ohùn. Dèjì bú sẹ́kún, ọwọ́ àwọn tó ń bu amọ̀ dúró. Ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ẹnu mi ló ń gbàdúrà, ọkàn mi ti ń wo ibi tí a ó sin wọ́n sí.

Ni Mùsílíù bá pariwo látìsàlẹ̀: "Ìyá Bọ́lá, ẹ má dúró! Wọ́n ń dáhùn. Ohùn wọn ni ò dé òkè. Etí mi wà lẹ́nu wọn." Mo tún kà á. Mùsílíù gbọ́ tiwọn, ó gbé e sókè fún mi: "Wọ́n ní Màríà Mímọ́. Wọ́n ní Ìyá Ọlọ́run. Wọ́n ní gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀, nísisìnyí." Ó ń wa ilẹ̀ kúrò láyà ọkọ mi, ó ń gbé ìdáhùn wọn sókè bí ẹni ń fa omi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú wọn ti pàdé, pé wọn ò mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, àmọ́ ẹnu ò dúró. Àdúrà ojú oorun tí mo fi ń bá wọn jà látìgbà tí a ti fẹ́ra, òun ló dúró tì wọ́n nígbà tí iyè ń lọ.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a fà wọ́n jáde. Egungun ìhà dá, ẹsẹ̀ wú, ṣùgbọ́n wọ́n ń mí. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ ló gbé wa dé ọsibítù. Nígbà tí ara wálẹ̀, mo bi wọ́n pé ṣé èémí ni kò jẹ́ kí wọ́n lè parí ìdáhùn. Wọ́n mirí. "Màmá Bọ́lá, inú ihò ni mo wà, ilẹ̀ ti mú mi dé àyà. Ṣé kí n tún wá fi ẹnu ara mi pe ikú? Mo gbé apá yẹn fún Ìyá wa, mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n bọ́ síta.

Ẹ̀yin ará, bí ìdààmú bá dé, ẹ di Rósárì yín mú. Bí ohùn yín ò bá tiẹ̀ dé òkè, Ọlọ́run ní ẹni tí yóò gbé e débẹ̀. Mùsílíù ló jókòó sórí ọ̀kadà níta yẹn, ó ní òun ò ní wọlé, àmọ́ òun fẹ́ gbọ́.

Títí di àná, "nísisìnyí" ni ọkọ mi ṣì ń dúró sí nílé. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n sọ pé ojú ìjọ ni àwọn ti máa kà á parí, torí pé ilẹ̀ tí àwọn dúró lé lónìí le. Ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀, kí Mùsílíù gbọ́ ìyókù. Bàbá Bọ́lá, ó yá. Mo kí ọ Màríà…