Ojú-Ìwé Tí Mo Pa Rẹ́ Láti Sharjah

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ohun kan wà tí mo ṣe ní Sharjah níbí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ẹlòmíràn ló sì ń jìyà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kan ń bọ̀, mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Obìnrin ni mí, mò ń ta bàtà ní Al Rigga ní Dubai. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Kúnlé. Ó ń ya àwòrán ilé fún iléeṣẹ́ ìkọ́lé kan ní Jumeirah Lake Towers, ní Dubai níbẹ̀ náà. A fẹ́ràn ara wa gan-an, àyè àtiríra ni kò sí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi tirẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ náà sì ni ọjà tiwa máa ń tà jù.

Kúnlé ló dá ọgbọ́n kan. Wọn kò gbà kí a fi nǹkan kan kún kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, ó wá gbé búráúsà tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì sórí fláàṣì kan fún mi, ó gbé irú rẹ̀ sórí tirẹ̀. Bí mo bá ti ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan mi á yọjú. Bí mo bá yọ ọ́, ó di pé n kò débẹ̀ rí. Ó wá so tèmi àti tirẹ̀ pọ̀. Ojú-ìwé tó bá fi pamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á yọ lọ́dọ̀ mi. Èyí tí mo bá pa rẹ́, á pa rẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà.

Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù dání lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ojú-ìwé la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Èèyàn lè sọ èyí tó bá fi pamọ́ lórúkọ tó wù ú. Kúnlé á fi ojú-ìwé ìròyìn pamọ́, á sọ ọ́ ní "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti jẹun?" Èmi á fi ti bàtà pamọ́, màá pè é ní "Mo jẹ búrẹ́dì, ebi ṣì ń pa mí." Ọ̀gá mi rò pé ọjà ni mò ń wò. Mo kàn máa ń dá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn káńtà bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ ilé kíkọ́ dúró gbagidi. Wọ́n dá Kúnlé dúró, wọ́n fagi lé visa rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, khalas, wọ́n ti parí tèmi níbí. But I go come back, ṣé o gbọ́?" Mo ní kó máa lọ, yalla, kí ọkọ̀ má fi í sílẹ̀. Mò ń ṣe akọni. Inú bọ́ọ̀sì tó gbé mi padà ni mo ti sunkún.

Mo kó kúrò ní International City tí mo ń gbé ní Dubai, mo lọ gba bedspace ní Sharjah, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo nínú yàrá tí èèyàn kún. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Bí mo bá ní ìsinmi, màá wọ metro, ọkọ̀ ojú irin Dubai, lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, màá jókòó létí omi tó wà níbẹ̀, màá máa wo fèrèsé ọ́fíìsì tí kò sí èèyàn níbẹ̀ mọ́. Fláàṣì yẹn nìkan ló ń tù mí nínú. Màá ki í bọ kọ̀ǹpútà ní káfé, màá rí ohun tí Kúnlé fi pamọ́ láti ilé ní Ìbàdàn. "Òjò rọ̀ lónìí." "Mo jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, mo rántí ẹ."

Lọ́jọ́ kan, ojú-ìwé kan yọ tí kò sọ lórúkọ rárá. Iléeṣẹ́ kan ní Abuja ń wá ayàwòrán ilé, wọn yóò tún fún un nílé gbé. Kúnlé ti kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ síbẹ̀ dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọlé síbẹ̀ wà nínú búráúsà wa tó so pọ̀ náà, torí Kúnlé kì í há irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí. Mo bi ara mi pé, ẹni tó bá rí iṣẹ́ àti ilé ní Abuja, kí ló tún fẹ́ wá ṣe ní Dubai?

Mo pa ojú-ìwé náà rẹ́. Mo pa ọ̀rọ̀ aṣínà náà rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín pé ọwọ́ mi ló ṣì. Mo yọ fláàṣì mi, mo lọ ra bíríyánì jẹ.

Nígbà tó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ń fi àbá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà títí ojú-ìwé náà fi tì í síta, kí iléeṣẹ́ náà tó dá a lóhùn, wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Ó ní Bísí àbúrò òun ló bà á jẹ́, torí wọ́n jọ ń lo kọ̀ǹpútà tó ń ki fláàṣì rẹ̀ bọ nílé. Bísí sunkún, ó ní òun kò fọwọ́ kàn án. Kúnlé pè é ní òpùrọ́, ọmọ náà sì kó lọ sílé àǹtí wọn. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, má dá a lóhùn, tó bá dàgbà á gbọ́n."

Kúnlé kò rí visa gbà padà. Iṣẹ́ kékeré kan ló ń ṣe nílé, ó sì ń sọ pé òun yóò rán àwọn èèyàn òun sí àwọn òbí mi. Bísí fẹ́ lọ sílé ọkọ báyìí. Bàbá wọn ti kú, Kúnlé ló yẹ kó dúró bíi bàbá, ó sì ti búra pé òun kò ní débẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá wọn pè mí fúnra wọn. "Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, bá mi bẹ ọkọ ẹ. Ìwọ nìkan ló ń gbọ́ tiẹ̀."

Mo yá kọ̀ǹpútà ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, èyí tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí búráúsà wa níbẹ̀, mo fi ojú-ìwé kan pamọ́, mo sọ ọ́ ní: "Bísí kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo pa á rẹ́." Fláàṣì náà wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Kí n ṣáà ki í bọ kọ̀ǹpútà káfé, ọ̀rọ̀ yẹn á dé Ìbàdàn.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà káfé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo padà. Ọkùnrin yìí ṣì wù mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá kà á, mi ò mọ̀ bóyá orúkọ mi á tún jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí mi ò bá sì fi ránṣẹ́, Bísí á jáde nílé bàbá rẹ̀ láìsí ẹni tó máa gbàdúrà fún un dípò bàbá, èmi náà á sì máa jẹ́ ìyàwó wọn. Ẹ bá mi dá sí i, ìgbéyàwó náà ti kù fẹ́ẹ́rẹ́.