Láfẹ́ńdà Tó Kú sí Mi Lọ́wọ́

Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, pa rédíò yẹn kí o jókòó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́, kò jáde. Ó kàn há mi lọ́fun bí eegun ẹja ni. Lónìí ni n ó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó ní kò sí nǹkan kan, nítorí mo mọ̀ yín. Bí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ tu ẹni tó ṣẹ̀ yín nínú, ìwà yín yẹn sì ti sú mi.

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé láfẹ́ńdà, òdòdó olóòórùn dídùn yẹn, ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ọmọ ò tíì gbọ́njú nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun ojú, gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan sórí òmíràn. Ọ̀kan ń ta sánsán, ṣùgbọ́n ooru díẹ̀ báyìí, ó ti rọ. Èkejì le bí ojú ìyá ọkọ, òórùn rẹ̀ ni kò já mọ́ nǹkan. Ọmọ tí yóò gbé adùn ọ̀kan àti agbára èkejì ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá. Ó gbìn, ó hú dànù, ó tún gbìn. Nígbà tó yá, ẹyọ kan ṣoṣo yọrí nínú gbogbo wọn. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ tì í láti gbóòórùn rẹ̀. Ó ní òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà á wá tutù nímú bíi kánfọ̀. Ó sọ fún mi pé, "Àbúrò, irú àmúlùmálà báyìí kì í ní irúgbìn tó lè hù. Ẹ̀ka rẹ̀ la máa ń gé gbìn, ó sì kéré láti gé báyìí. Tí èyí bá kú, ó tán nìyẹn. Kódà, tí mo bá tún da bàbá àti ìyá rẹ̀ pọ̀, ọmọ mìíràn ni wọ́n máa bí." Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Kí wá ni iṣẹ́ tèmi nínú ọgbà náà? Èmi ni mò ń gé nǹkan. Ìyàwó wa ló sọ mí ní Àlùmọ́gàjí nígbà tó wọlé, orúkọ náà sì ń gùn mí. Igi rósì ni o, òdòdó tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ká ni o, ohun tí mo bá gé kanlẹ̀, ṣe ló máa ń rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí àìsàn wá dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, tí kò lè gbóòórùn ohunkóhun mọ́, èmi ló fi ọgbà lé lọ́wọ́. Ó ní, "Tí òdòdó rẹ̀ bá ti rẹ̀, orí rẹ̀ tó tutù nìkan ni kí o gé. Má gé e dé ibi tó ti di igi, kì í hù láti ibẹ̀. Má sì máa bomi rin ín ṣáá. Kì í ṣe ewéko àkẹ́bàjẹ́." Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò lè dá jókòó ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé igi. Inú bí mi. Mo ní ewéko wo ni Àlùmọ́gàjí máa gé tí kò ní hù? Mo gé e dé igi. Mo gé e rìbìtì, mo tún dúró tì í, mò ń yin ara mi.

Kò hù. Mo bomi sí i, kò hù. Mo tún bomi sí i, mo kó ìgbẹ́ adìẹ tì í, mo fi aṣọ bò ó nítorí oòrùn. Bí mo ṣe ń kẹ́ ẹ tó ló ń kú lọ tó. Irú oríkunkun wo tilẹ̀ nìyẹn? Èpò tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò ń gbèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí mò ń bẹ̀ ló kọ̀ mí. Nígbà tí mo fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn bí aṣọ tí a rẹ sómi tí a gbàgbé.

Ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, àṣìṣe lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́. Mo lọ bá ẹni tó ń ta òdòdó létí títì, mo wá láfẹ́ńdà tó jọ ọ́, mo gbìn ín sójú ibẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi dé láti ọsibítù, kò tíì wọlé tó fi tẹ̀pá lọ wò ó. Ó ní, "Ewé rẹ̀ mà tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo ní gígé tí mo gé e ni. Ó ní, "O ṣé, àbúrò mi." Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Nígbà tó ṣe, ó gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn, ó ń kó o fún àwọn oníbàárà tẹ̀ríntẹ̀rín.

Dókítà ti sọ pé imú rẹ̀ máa padà díẹ̀díẹ̀. Ó sì padà. Ìyàwó wa, o ti kó àwọn ọmọ lọ ra bàtà lọ́jọ́ náà. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo wá lọ ń pọ́n àlùmọ́gàjí mi lẹ́yìn ilé. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí láti inú ọgbà. Mo bá a níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Àbúrò, kì í ṣe òun rèé. Kò sí kánfọ̀ yẹn nínú rẹ̀. Kí ló ṣe tiwa?" Mo ní, "Imú yín ni. Kò tíì padà dáadáa." Ó ní, "Ó ti padà. Ṣebí ẹ̀wà ló ń jóná ní kíṣìnnì yẹn?"

Lóòótọ́, ó ń jóná. Èmi náà ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ mo ní, "Ẹ̀wà wo? Omi tíì nìkan ni mo gbé kaná." Mo ní kó jókòó, kí n lọ wò ó. Mo sáré wọlé, mo lọ ri ẹ̀wà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo fi yanrìn ha ìkòkò, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo gbé omi lé iná. Mo wá dì í lápá mú wọ kíṣìnnì, mo ní kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó wo iná. Ó gbé ìkòkò sí imú, ó fa èémí títí. Ó ní, "Mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀ o." Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ń rùn níbí, ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé ìkòkò kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó jí i. Ó ní, "Ó dáa. Imú mi ló ń purọ́ fún mi, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó lè dijú kó sọ irú òdòdó tó wà níwájú rẹ̀ ló wá ń gbé mílíìkì fún ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun wò ó bóyá ó ti kan. Ó ń fọ ẹ̀wù tó mọ́. Ìyàwó wa, o bi í nígbà kan bóyá ó gbọ́ lọ́fíńdà tuntun tí o fi sára, ó ní rárá. Èmi tí mo jókòó níbẹ̀ rí i bí imú rẹ̀ ṣe mì. Ó gbọ́ ọ. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́ ni.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí nìyí: ìyàwó wa mú búrọ́ọ̀ṣì náà, ó da bàbá àti ìyá yẹn pọ̀, àwọn ọmọ wọn ti yọ òdòdó. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní èmi ni kí n gbóòórùn wọn, kí n yan ọ̀kan, kí wọ́n hú ìyókù, torí imú tòun ti kú. Èmi tí mo ja imú rẹ̀ gbà ló tún ń fi ṣe adájọ́! Mo bẹ̀rẹ̀ tì wọ́n lánàá, ẹ̀wà tó jóná ni gbogbo wọn ń rùn sí mi. Mi ò lè yan ìkankan.

Ẹ̀yin ọmọ, tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ. Nǹkan lásán ni mo kọ́kọ́ bà jẹ́, kí n tó fi irọ́ ba ènìyàn jẹ́ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Láfẹ́ńdà yín ti kú, èmi ni mo pa á, kò sì ní padà wá. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe òun. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ dìde, ẹ lọ bá àwọn tuntun yẹn nínú ọgbà, kí ẹ gbóòórùn wọn fúnra yín. Èyí tí ẹ bá ní ó dára, ó dára. Èyí tí ẹ bá sì ní kì í ṣe òun, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín jiyàn mọ́.