Ọjọ́ Tí Ìyá Bọ́lá Sọnù Sábẹ́ Ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ọwọ́ ọ̀tún yìí. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ará, torí òun ni mo fi dá rélùwéè Lọ́ńdọ̀n dúró. Ó ń sáré bọ̀ bí ìjì, ó gùn láti Ṣakí níbí dé Ìsẹ́yìn. Mo na ọwọ́ sí i báyìí, mo ní, "Ìwọ, dúró!" Ó dúró gbagidi. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ náà ń mi orí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ bá mi pariwo Halelúyà kan tó máa já òrùlé yìí, kí n wá sọ ohun tí Olúwa ṣe fún mi gan-an.

Gbogbo yín mọ Bọ́lá, ọmọ wa obìnrin, tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Nígbà tó bímọ, ó ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ. Ó wá fi èmi náà kún un, torí ó mọ̀ pé bí òun bá mú ìyá lọ, ebi ni yóò pa bàbá sílé. Fíṣà jáde. Ẹ̀yin lẹ bá wa gbààwẹ̀ rẹ̀, mo dúpẹ́. Àbúrò mi tó jẹ́ Alhaji náà ṣe àdúà tirẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ má jẹ́ ká jà sí i, Ọlọ́run ló mọ èyí tó kọ́kọ́ dé.

A kó ẹ̀lùbọ́, a kó irú. Òyìnbó tó tú ẹrù wa ní pápákọ̀ òfurufú gbóòórùn irú, ó sún sẹ́yìn, ó ní ká máa lọ. Ẹ̀yin ará, òtútù ìlú yẹn kì í ṣe òtútù ọyẹ́ tiwa yìí o! Kóòtù ọkọ Bọ́lá ni mo wọ̀ lé orí agbádá, síbẹ̀ eyín mi ń lu ara wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bọ́lá ní òun máa mú wa lọ wo odò ńlá tó la ìlú náà já. Ó gbé ọmọ, ó so ó mọ́ àyà.

Ìyá rẹ̀ ní, "Àyà ni wọ́n ń pọnmọ sí níbí?"

"Màámi, ibẹ̀ ni mo ti lè máa rí i."

Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ rélùwéè náà. Nígbà tí àtẹ̀gùn tó ń dá rìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó mi fọwọ́ sórí, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé sàréè là ń lọ ni?"

Mo ní, "Má sọ ọ̀rọ̀ ikú, jàre."

Bọ́lá wá yíjú sí mi. "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọwọ́ Màámi mú. Èrò pọ̀ níbí."

"Èmi? Kí n máa fa ìyàwó lọ́wọ́ ní gbangba bí ẹni fa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn? Ìyá ẹ mọ bó ṣe ń tẹ̀lé mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀nà oko wa ò gba ẹni méjì. Ọkọ ló ń ṣáájú pẹ̀lú àdá, kó lè gbọn ìrì, kí ejò sì bá a kó tó bá ìyàwó. Ìyàwó á ru apẹ̀rẹ̀, á máa tẹ̀lé e. Ọkọ kì í wẹ̀yìn, ìró ẹsẹ̀ ló ń gbọ́. Láti ọdún tí mo ti gbé obìnrin yìí níyàwó, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ tó ń rọ́ gìrìgìrì lábẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀n, ta ni yóò gbọ́ ti ìyàwó tirẹ̀?

Ọkọ̀ dé. Bọ́lá wọlé pẹ̀lú ọmọ. Èmi náà wọlé, mo rí àyè, mo jókòó bí ìjòyè. Ilẹ̀kùn pa dé.

"Bàámi, Màámi dà?"

"Ó wà lẹ́yìn mi."

Mo bá wẹ̀yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni mo rí, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Mo ké, "Jésù gbà mí!" Ọkọ̀ ti gbéra. Mo rí ìyàwó mi lóde láti ojú gíláàsì, ó la ẹnu, ó gbé ọwọ́ sókè, ọkọ̀ sì wọ inú òkùnkùn.

Ẹ̀yin ará, ìyàwó mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "yẹ́ẹ̀sì" àti "tànkíù" lọ. Fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì Bọ́lá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó lò lọ́sàn-án wà nínú àpò mi níbí. Mo ń fọwọ́ kàn án ṣáá.

A sọ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, a wọ èyí tó ń padà. Nígbà tá a débẹ̀, kò sí Ìyá Bọ́lá. Ẹ ò rí i, ohun tí aya gidi ń ṣe lọ́nà oko ló ti ṣe: ọkọ ti lọ síwájú, kí òun náà máa tẹ̀ lé e. Ó ti wọ ọkọ̀ tó dé tẹ̀ lé tiwa. Bá a ṣe ń padà ni òun ń kọjá wa. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà yẹn? Bọ́lá bú sẹ́kún, ọmọ náà gbà á.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn èrò ń yà fún mi bí ìgbà tí omi bá ń yà fún òkúta. Mo ní, "Ọlọ́run, mo ti purọ́ púpọ̀, O mọ̀. Irọ́ ò sí nínú èyí: dá obìnrin náà padà fún mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé tí kò sí níbẹ̀."

Òṣìṣẹ́ obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn wá bá wa, ó béèrè ohun tí ìyàwó mi wọ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn Gẹ̀ẹ́sì ń bọ́ lẹ́nu mi bí àgbàdo tó ń bọ́ láti inú àpò tó ya. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀: gèlè búlúù, iró àǹkárá ẹlẹ́yẹ, suwẹ́tà ọkọ Bọ́lá aláwọ̀ eérú tó gùn dé orúnkún, bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ kan ti já, ìbọ̀sẹ̀ funfun nínú sálúbàtà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀, a sì dúró.

Ìdúró yẹn gùn ju ọ̀dá lọ. Nígbà tó yá, rédíò náà ké. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ní ibùdó kẹta níwájú, wọ́n ti rí gèlè búlúù, wọ́n sì ti rí ìbọ̀sẹ̀ nínú sálúbàtà.

A débẹ̀. Ìyá Bọ́lá jókòó sórí àga àwọn òṣìṣẹ́, ife tíì lọ́wọ́, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ìrìn." Àwọn òyìnbó ń mi orí sí i. Mo sáré, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ ti dé oko náà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Mo yọ oògùn fún un, ó fi tíì gbé e mì. Ó ní ṣúgà rẹ̀ ò tó.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run! Ilẹ̀ gbé e mì, Olúwa ní kó pọ̀ ọ́ síta! Ẹnikẹ́ni tí èèyàn rẹ̀ bá sọnù, yóò rí i láàyè. Tirẹ̀ ni ògo.

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì dá orin. Ìyá Bọ́lá ń wò mí láti ìjókòó àwọn ìyá, irọ́ kan sì wà nínú ohun tí mo sọ tí mi ò lè gbé délé. Nígbà tí obìnrin yẹn béèrè ohun tí ìyàwó mi wọ̀, mi ò dáhùn. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì wọ́n mi. Mi ò mọ̀ ni. A jọ jí, a jọ jẹun, a jọ jáde nílé, mi ò wò ó. Bọ́lá ló sọ gbogbo rẹ̀, láti gèlè dé ìbọ̀sẹ̀. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń wo ilẹ̀.