Ìka Tí Mo Tẹ̀ Fún Òkú

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí n má baà tún fi irọ́ kejì bo ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lórí àtẹ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ nígbà tí Sísítà Dúpẹ́, tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó ní:

"Ìyá Àánú, Màmá Adéọtí ti lọ o."

"Wọ́n lọ síbo?"

"Síbo wo? Wọ́n ti kú. Àná ni ìròyìn dé láti abúlé. Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dákẹ́. Wọ́n tiẹ̀ ti sin wọ́n."

Àtẹ ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ké. Sísítà Dúpẹ́ dì mí mú, ó rò pé ẹkún òkú ni mò ń sun, ó ń sọ fún mi pé màmá gbó, wọ́n tọ́. Kò mọ̀ pé ẹkún ara mi ni. Ọjọ́ Àìkú ni Màmá kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbé ìwé ìbúra wọn lọ sí kóòtù, mo sì sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ka sí i.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: ọkọ mi ló ra ilẹ̀ tí ilé wa wà lórí rẹ̀ kí ó tó kú. Màmá Adéọtí, tí ilé tiwọn kángun sí ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ni ẹlẹ́rìí; ìṣojú wọn ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Ọkọ mi kú tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Àgbà ní ilẹ̀ ẹbí ni, kí n mú ọmọ mi kí n máa lọ. Ó mú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá, wọ́n ri òpó mẹ́rin mọ́ igun ilé mi bí ẹni tó fẹ́ so ewúrẹ́. Nígbà tí mo ní màá pè é lẹ́jọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó, torí pé o parí sẹ́kọ́ńdìrì? Kóòtù kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin o. Wọn kì í fi orin wọ ibẹ̀."

N kò lágbára lọ́yà. Mo lọ fúnra mi. Akọ̀wé kóòtù, ọkùnrin kan tó máa ń fi bírò sí ẹ̀yìn etí, kà á sí mi létí: ìwé tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́, àlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún mi àti ohun tí mo fẹ́ kí kóòtù ṣe, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí mi, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní kíkọ pẹ̀lú ìbúra, ẹ̀dà gbogbo ìwé tí mo máa fi hàn. "Bí ọ̀kan bá dín, Màdáàmù, kò tíì di ẹjọ́ nìyẹn. Ìwé lásán ni." Mo ti ń lọ kó tó tún pè mí padà. "Ẹ gbọ́ o. Ẹlẹ́rìí yín máa wá fúnra rẹ̀. Níwájú òṣìṣẹ́ ìbúra ló ti máa tẹ̀ka. Ẹ má lọ tẹ̀ ẹ́ nílé gbé wá o."

Mo gbọ́. Etí mi méjèèjì ló gbọ́.

Mo lọ bá Màmá lábúlé. Ẹsẹ̀ wọn wú, ṣùgbọ́n orí wọn pé. Wọ́n ń sọ, mo ń kọ. Mo kà á fún wọn, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọjọ́ Ajé ni n ó wá, bá mi wá mọ́tò tí kò ga." Ọjọ́ Ajé dé, wọn ò wá, fóònù wọn ò lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bọ̀dá Àgbà ránṣẹ́ pé àwọn tó máa wó ilé ń bọ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Ìṣẹ́gun, mo ti àtàǹpàkò òsì ara mi bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ orúkọ Màmá Adéọtí. Mo gbé e lọ. Òṣìṣẹ́ ìbúra bi mí pé, "Màmá dà?" Mo ní, "Wọ́n wà nínú mọ́tò níta, sà. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn." Èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀. Wọ́n gba fáìlì mi, mo sì kọrin délé.

Èyí ni mo ń rò nígbà tí Sísítà Dúpẹ́ lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo gbé iwájú orí mi lé àga. Ẹ gbọ́ àdúrà tí mo gbà, ẹ̀yin ará: n kò tọrọ ìdáríjì. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má mọ ọjọ́ tí Màmá kú. Àdúrà yẹn ni mò ń gbà lọ tí oorun fi gbé mi.

Mo rí ọkùnrin kan tó dúró tì mí nínú aṣọ kákí tó ti ṣá, àpò ìwé lọ́rùn rẹ̀. Ó dá mi lójú pé akódà kóòtù ni, àwọn tó máa ń gbé ìwé ẹjọ́ lọ bá èèyàn nílé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó pe orúkọ mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tí ẹnikẹ́ni ò pè mọ́.

Ó ní, "Gbà."

Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó fi ìwé tó ń nà sí mi kàn mí léjìká.

"O gbà, o kọ̀, ó ti dé ọwọ́ rẹ. Dìde."

Mo dìde, mo sì rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀wà fọ́n ká yí mi ká.

A rìn ní ọ̀nà amọ̀ pupa kan títí a fi dé ilé gígùn tó ní yàrá àìlóǹkà. Àwọn èèyàn ń sáré láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń ta lu ara wọn. Ibi tí wọ́n bá yọ sí, ìwé kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, orúkọ wọn ló wà níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé náà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tó ń mú mi lọ ní, "Àwọn tó ń sá fún ìpè ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ nìyí. Láyé, wọ́n á ní kí ọmọ sọ pé àwọn ò sí nílé."

A kọjá. Mo rí ọkùnrin kan tó ti búra ìgbéyàwó fún obìnrin méjì ní ìlú méjì. Ó ń pòùngbẹ, ó ń pe èkíní kó bu omi fún òun, ohùn èkejì ni yóò dáhùn pé, "Ta lò ń pè?" Títí ayé ni.

Lẹ́yìn náà la dé pápá àwọn aninilára. Ògiri ni wọ́n pọ̀n, ògiri ilé odidi, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ọmọ kan á ké nínú ògiri náà, ẹ̀rù á bà á, á tún gbé e. Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí: mo ń wá Bọ̀dá Àgbà láàárín wọn. Inú mi ń dùn. Mo ń yẹ ojú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń mú mi lọ ní, "Kò sí níbí. Ó ṣì wà láyé, ó ṣì lè yí padà. Òun kọ́ ni ìwé ọwọ́ mi ń pè."

Ibẹ̀ ni mo ti ki ọwọ́ òsì mi bọ abẹ́ aṣọ. Torí mo ti ń gbóòórùn tàdáwà.

Kòtò ni, ó ń hó bí ọ̀dà, èèyàn sì yí i ká bí ẹni yí àwo oúnjẹ ká, wọ́n ń ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, wọ́n ń ké, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ìwé ń gbiná, iná ń gun apá wọn, wọ́n ń wí pé òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ ni mo sọ, wọ́n tún ń ti ìka bọ̀ ọ́, àwọn tó gbé Bíbélì ń bẹ níbẹ̀, lọ́yà nínú aṣọ dúdú rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi ò gbé, mo wo ọwọ́ òsì mi, àtàǹpàkò mi ti dú, ó ń rú èéfín, mo sì bú sẹ́kún pé, "Torí ọmọ mi ni! Torí kí ọmọ mi lè rórí sọ sí ni!"

Obìnrin kan yí ojú rẹ̀ tó ti jóná sí mi. Kò bínú. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ohun tí èmi náà sọ nìyẹn."

Ẹni tó ń mú mi lọ fà mí kúrò. A ń gòkè. Òórùn tàdáwà tán, afẹ́fẹ́ bí ti ẹ̀yìn òjò dé, mo rí àwọn tó sinmi. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń ṣeré bí ará ilé kan. Kò sí ẹni tó ń tò sórí ìlà dúró de nǹkan. Mo rí Màmá Adéọtí. Ẹsẹ̀ wọn kò wú mọ́, ó gún régé bí ti ọmọge. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí wọn láì sí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo wólẹ̀. N kò lè wo ojú wọn. Ohun tí mo lè sọ ò ju pé, "Màmá, ṣé ẹ ti rí Bàbá Àánú?"

"Mo ti rí i. Ó ní kí n má fi ibi tó wà hàn ọ́, kí o má baà ní o ò lọ mọ́."

Mo sunkún. Wọ́n na ọwọ́ láti fi kan orí mi, àmọ́ ọwọ́ wọn ò tíì dé tí ohùn kan fi sọ láti ìsàlẹ̀ pé:

"Adéọtí! Ẹlẹ́rìí!"

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi dá eré dúró. Ohùn náà tún pè. Nígbà tó pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Màmá dìde. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ìsinmi, ẹsẹ̀ wọn sì tún ń wú. Ìṣísẹ̀ kan, ó wú. Ìṣísẹ̀ kejì, ó wú sí i. Mo di aṣọ wọn mú, mo ń kígbe pé, "Ẹ má lọ! Ẹ padà!" Wọ́n ní, "Ìwọ lo pè mí, ọmọ mi. Báwo ni n ò ṣe ní lọ?"

A dé iwájú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ò lè gbà. Ìwé mi wà níbẹ̀, ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ.

Ohùn náà bèèrè pé, "Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ inú ìwé yìí?"

Màmá ní, "Òótọ́ ni, látòkè délẹ̀."

Ọkàn mi fò sókè! Mo rò pé mo ti bọ́.

"Ìka ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?"

Màmá wò mí. Wọn ò fẹ́ purọ́, wọn ò sì fẹ́ fẹjọ́ mi sùn. Wọ́n kàn dúró lórí ẹsẹ̀ wíwú yẹn, omi ń bọ́ lójú wọn. Ẹni tó mú mi wá tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Òótọ́ ló ní, irọ́ lo fi gbé e wá. Títí dìgbà tí o bá gba ìwé náà kúrò ńbẹ̀ ni wọn yóò fi máa pe Adéọtí. Lọ kí ọjọ́ ìgbọ́ ẹjọ́ tó pé."

Àánú ló ń mì mí. Ọmọ ọdún méje, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú fèrèsé ló gbà wọlé. "Mọ́mì, ẹ ń kígbe. Ẹ ń sọ pé kí àwọn kan padà."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kí wọ́n tó ṣí i. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún akọ̀wé. Ó yọ bírò kúrò lẹ́yìn etí.

"Màdáàmù, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ yìí? Wọ́n lè tì yín mọ́lé o."

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ̀ bá kúkú dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ti mọ̀, sà."

Ó wá fún mi ní ìwé. Mo kọ ọ́ pé mo yọ ẹjọ́ náà kúrò, mo sì kọ ìdí rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ló máa pinnu bóyá wọ́n á fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí n máa retí ìpè. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé ẹjọ́ tí wọn ò tíì gbọ́ kò kú. Bí mo bá rí ẹlẹ́rìí tó wà láàyè, mo lè tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìwé àkọ́kọ́. N kò tíì rí ẹnì kankan. Bọ̀dá Àgbà sì ti gbọ́. Ó wá dúró níta, ó pariwo kí àdúgbò lè gbọ́: "Ìyàwó! Ṣé orin ti tán? Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fún ọ!"

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ pè wọ́n lẹ́jọ́. N kò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin gbé ẹ̀tọ́ yín wọlé. Bí ẹlẹ́rìí yín ò bá lè gun àtẹ̀gùn, ẹ sọ pé kò lè gùn ún. Ẹ sì bá mi gbàdúrà, torí ẹ̀rù ń bà mí, ìrètí mi ò sì tó nǹkan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bọ̀dá Àgbà wá pariwo yẹn, Àánú bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ sínú àpò. Ó bi mí bóyá ìrìn àjò la fẹ́ lọ. Mo gbé e lé itan, mo sọ fún un pé, "Rárá. Ó lè jẹ́ pé a ò ní ilé mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á wá mú mi, wàá sì wà lọ́dọ̀ Sísítà Dúpẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo purọ́ ní kóòtù, Àánú, mo sì ti lọ jẹ́wọ́. Bí wọ́n bá bi ẹ́ níléèwé, sọ ọ́ bó ṣe rí. Má purọ́ fún ẹnikẹ́ni nítorí tèmi."